Agolo owó ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́: àbímọ́ ni àmì ara owó yìí, àbí àpá?

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Sátidé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la wó ilé ìdáná ìyá tó bí màmá mi, níbi tí wọ́n ti yan ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àwọn bíríkìlà ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni ṣọ́bìrì kan agolo kan tó ti dípẹtà. Owó onírin 63 ló wà nínú rẹ̀: kọ́bọ̀ onihò (péńnì ayé òyìnbó), ẹ́pìnnì, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, títí dé orí kọ́bọ̀ 1991 mélòó kan. Ìyá àgbà ti lọ, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè.

Àbúrò mi kan wo fídíò kan, ó ní owó tó bá ti ní àbùkù láti ilé-ìtẹwó, owó gọbọi ni wọ́n ń rà á. Mo wá tú wọn sórí àtẹ, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé gbogbo wọn ló ní àbùkù! Kọ́bọ̀ onihò 1936 méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan kọ GEORGIVS, èkejì kọ EDWARDVS. V ni wọ́n fi sí ibi tó yẹ kí U wà. Kọ́bọ̀ 1959 kan wà tí etí rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọdé gé àkàrà jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ṣílè kan wà tí ojú ọba ara rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n tí ìwé etí rẹ̀ ṣì ṣe é kà. Kọ́bọ̀ onihò mìíràn ní òrùka kejì tó yí ihò rẹ̀ ká. Kọ́bọ̀ 1991 kan sì funfun bíi páànù, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pupa.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tí ilé-ìtẹwó ṣì ṣe yàtọ̀ sí èyí tó kàn gbó?

Aláyọ̀_Ìkòròdú · Sátidé, 8:05 àárọ̀

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni o! Èmi náà wo irú fídíò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kọ́bọ̀ onihò kan ṣoṣo, mílíọ̀nù náírà ni. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí.

Bàbá_Olówó_Idẹ · Sátidé, 9:30 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú oríire. Ẹ̀pẹ́ lèmi náà wà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣa owó àtijọ́ jọ. Kí o tó ṣe ohunkóhun, mo bẹ̀ ọ́, má fọ̀ wọ́n. Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa wọ́n lára, má fi iyanrìn tàbí kàn-ìn-kàn-ìn bọ́ wọn. Ohun tí o fẹ́ wò gan-an ni o máa bọ́ dànù.

Àbúrò mi Aláyọ̀, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fídíò yẹn kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ́bọ̀ onihò ni wọ́n tẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia láyé òyìnbó. Kò sí ilé àgbà kan ní ìlú yìí tí o gbẹ́ tí o kò ní bá a. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n, gbígbó kò sì sọ owó di ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe owó kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ na irin bí aṣọ. Ẹ̀rọ á wá máa lu pẹlẹbẹ róbótó jáde lára rẹ̀, bí ìyá tó ń fi ẹnu kọ́ọ̀pù gé ìyẹ̀fun tí a ti pò fún mííìtì páì. Wọ́n á fún etí pẹlẹbẹ yẹn yíká kí ó lè ga díẹ̀. Tó bá jẹ́ onihò, wọ́n á lu ihò sí i kí ó tó lọ síbi ìtẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òrùka irin líle á há a mọ́ra kí ó má baà fẹ̀ jáde, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ wìn-ìn, ó parí.

Ohun tó bá bàjẹ́ títí di ìgbà tí òǹtẹ̀ gbéra kúrò lára rẹ̀ ni àṣìṣe. Àbímọ́ nìyẹn, ó bá a wáyé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, ì báà jẹ́ lọ́jà, ì báà jẹ́ nínú ilẹ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, àpá ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo máa ń bi owó tí mo bá gbé sókè ni pé: ṣé irin ibí yìí kò dé ibẹ̀ rí ni, àbí ó ti dé kí nǹkan tó mú un kúrò?

Lórí 1936 tìrẹ, méjèèjì ló pé. Ọba George Karùn-ún kú ní January 20, 1936. Ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ gorí oyè, kò sì pé ọdún kan tó fi sọ̀ kalẹ̀, ní December ọdún kan náà. Owó tó máa gbé ojú ọba nílò àwòrán tuntun, ìyẹn kì í yá. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ onihò kò ní ojú ọba lára, ihò ló gba àárín, orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ yí i ká. Orúkọ yẹn ni wọ́n pààrọ̀ kíá, òun ló jẹ́ kí a rí orúkọ Edward lórí ọ̀níní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ní ìhà tiwa níbí. Ti V, èdè Látìnì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ U sórí òkúta àti owó láti ayé àwọn ará Róòmù. Tí o bá rí H kékeré lára òmíràn, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́. KN ni King's Norton, ní Birmingham kan náà. Àmì ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe àbùkù.

Bu ìyẹ̀fun tútù díẹ̀ sórí tábìlì, fi etí kọ́bọ̀ 1959 tìrẹ tó dà bí èyí tí wọ́n gé jẹ yẹn tẹ̀ ẹ́, kí o rí bí ibi tó ṣí ṣe rí: ṣé ó tẹ̀ kọrọdọ bí etí kọ́bọ̀ mìíràn, àbí ó rí págunpàgun? Lẹ́yìn náà, wo etí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì gan-an. Kọ ohun tí o bá rí síbí.

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà · Sátidé, 11:18 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọ̀rọ̀ ṣílè yẹn ló fà mí wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ_Ẹlẹ́ja, ẹ wo ọdún ara rẹ̀. Ṣílè tó ní àwòrán ọ̀pẹ, láti 1913 títí dé 1920, fàdákà ni, nǹkan bíi gíráàmù 5.65 sì ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é, fàdákà àti idẹ pàdé nínú ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ tí ó jẹ́ fàdákà, àwọn bàbá wa nínú iṣẹ́ yìí ló yọ́ ọ ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì bá wọn yọ́ díẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó máa ń dùn mí báyìí.

Ojú tó parẹ́ yẹn, ẹ fi ìka wò ó. Ibi tó ga jù lára owó ni ìka èèyàn ń kọ́kọ́ fá: adé, irun, ẹ̀rẹ̀kẹ́, irùngbọ̀n ọba. Ìwé etí rẹ̀ kéré, igun etí owó sì ń gbà á lọ́wọ́ ìfarakanra. Tí gbogbo ibi gíga bá fá, tí ibi kòtò ṣì wà, gbígbó ni, kò ní àríyànjiyàn.

Bàbá_Olówó_Idẹ · Sátidé, 11:50 àárọ̀

O ṣeun, ọ̀gá. Mo fi kún un: àṣìṣe kan wà tó jọ gbígbó gan-an. Nígbà mìíràn, gírísì àti ìdọ̀tí á dí kòtò lẹ́tà inú òǹtẹ̀. Irin kò ní ráyè wọ ibẹ̀, lẹ́tà yẹn kò sì ní jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́tà kan tàbí méjì á sọnù, ṣùgbọ́n adé ọba tó ga ju lẹ́tà lọ á ṣì mú bí abẹ. Ìka èèyàn kò lè fò lórí òkè kí ó lọ fá kòtò.

Tíṣà_Físíìsì · Sátidé, 1:06 ọ̀sán

Ti kọ́bọ̀ 1991 tó funfun yẹn: ẹ fi òòfà kàn án. Kọ́bọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ná nígbà tí náírà dé ní January 1, 1973, bàbà àdàlù ni, òòfà kò lè gbé e. Ti 1991, irin ni nínú, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú. Tí òòfà bá gbé èyí tó funfun àti èyí tó pupa bákan náà, inú wọn kò yàtọ̀. Ìbejì ni wọ́n, aṣọ ara ọ̀kan ló ya.

Ẹ wá wo ojú rẹ̀ lábẹ́ awò. Tí bàbà ṣì fara pamọ́ sí ìdí lẹ́tà, tí ojú irin sì gún bí ara ẹni tí ilẹ̀gbóná ṣe, iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Agolo tó wà lábẹ́ ilé ìdáná tí wọ́n ti ń da omi iyọ̀ ẹja, kí ni a tún ń wá?

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Sátidé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é. Òòfà spíkà tó bàjẹ́ ni mo lò. Ó gbé funfun, ó gbé pupa. Bàbà díẹ̀ sì wà nínú kòtò lẹ́tà bí Tíṣà ṣe sọ. Iyọ̀ ni.

Ṣílè jẹ́ 1936, kò funfun bíi fàdákà, idẹ ni. Ibi gíga ló fá.

Ó wá ku kọ́bọ̀ 1959. Bàbá, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìyẹ̀fun. Ibi tó ṣí yẹn kò rí págun. Kọrọdọ ló tẹ̀, bí òṣùpá ọjọ́ kẹta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, mo wo òdìkejì. Níbẹ̀, etí gíga tó yí owó ká ṣe bíi pé ó rẹ̀ ẹ́: ó ń bọ̀ gàgà, ó ń rẹlẹ̀, ó parẹ́ fún bí ìwọ̀n èékánná ìka kékeré, ó tún gòkè padà. N kò rí irú rẹ̀ lára kọ́bọ̀ 1959 mẹ́rin yòókù. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Bàbá_Olówó_Idẹ · Sátidé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo dìde lórí àga nígbà tí mo ka èyí, ọmọ mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń lu pẹlẹbẹ jáde, irin tí wọ́n nà kò sún síwájú tó. Ẹnu ẹ̀rọ wá bọ́ díẹ̀ sínú ihò tí pẹlẹbẹ ìṣáájú ti jáde. Ìdí nìyẹn tí ibi tó ṣí fi tẹ̀ kọrọdọ: etí ihò àtijọ́ ni. Nígbà tí pẹlẹbẹ yìí wá dé ibi tí wọ́n ti ń fún etí, ẹ̀gbẹ́ méjì ló yẹ kí ó máa ti ara wọn. Níbi tí irin kò sí, kò sí ohun tí yóò ti èyí tó wà lódìkejì. Etí ibẹ̀ kò wá ga. Àwọn akówójọ ń pè é ní Blakesley. Ẹni tó fi fáìlì tàbí ayùn gé owó nínú ṣọ́ọ̀bù lè mú kí ibi tó gé tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n etí òdìkejì ti dìde láti ilé-ìtẹwó. Kò sí bí yóò ṣe mú un rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé fáìlì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀.

Ṣe ohun méjì sí i fún mi. Wo lẹ́tà tó sún mọ́ ibi tó ṣí: ṣé ó gé gbáú, àbí ó fà, ó ń tín-ín-rín lọ? Kí o sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwọn mẹ́rin yòókù lórí síkéèlì àwọn oníwúrà.

Egùn_Àgbádárìgì · Sátidé, 8:22 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àgbádárìgì lèmi wà. Mo ní sísì 1959 kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjà Agbálátà lọ́dún tó kọjá. Ẹni náà ní àṣìṣe ńlá ni. Ní ẹ̀yìn, lórí àwòrán èso kókó tó wà níbẹ̀, lẹ́tà wà tó kọjú sódì, tó sì wọ inú irin lọ, bí ìgbà tí èèyàn wo ìwé nínú dígí. Owó tí mo san kò kéré. Kí ni ẹ rí sí i?

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà · Sátidé, 8:49 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí i sí iwájú. Báwo ni ojú ọbabìnrin ṣe rí?

Egùn_Àgbádárìgì · Sátidé, 8:57 alẹ́

Ó ti pẹlẹbẹ. Imú àti adé ti bá ara wọn dọ́gba. Mo rò pé gbígbó ni.

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà · Sátidé, 9:20 alẹ́

Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín. Wọ́n fi owó méjì kanra, wọ́n gbé wọn sáàárín fáìsì, wọ́n sì fún un. Lẹ́tà owó kan á wọ inú ìkejì, yóò kọjú sódì. Ṣùgbọ́n eyín fáìsì tàbí páálí irin ní láti ti ẹ̀yìn mú un, ohun tó tì í yẹn ló tẹ ojú ọbabìnrin pẹlẹbẹ. Mo ti rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ṣe é lójú mi.

Àṣìṣe tòótọ́ tó jọ ọ́ wà. Owó tí a ti tẹ̀ kò bọ́ kúrò, ó lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀, pẹlẹbẹ tuntun wọlé, owó tó lẹ̀ mọ́ òkè sì di òǹtẹ̀ fún un. Irú ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan á kọjú sódì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì á dáa, á mú rékété, nítorí òǹtẹ̀ gidi ló tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, kókó tiyín ṣì wà lábẹ́ lẹ́tà òdì yẹn. Nínú àṣìṣe tòótọ́, kókó kò ní sí níbẹ̀ rárá, nítorí òǹtẹ̀ kókó kò fara kàn án.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àtiṣe irú rẹ̀ sí owó náírà àti kọ́bọ̀ tiwa, kí ó mọ̀ pé òfin CBN ti 2007, apá 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì.

Egùn_Àgbádárìgì · Sátidé, 9:41 alẹ́

Háà. Kókó náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, mo ń wò ó lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n ó sàn kí n mọ̀.

Ìyá_Ìbejì · Àìkú, 7:10 àárọ̀

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Mo ní 25 kọ́bọ̀ 1973, èyí tó ní ẹ̀pà, tí nọ́ńbà ọdún ara rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì bí òjìji. Ṣé ti èmi jẹ́ àbímọ́?

Bàbá_Olówó_Idẹ · Àìkú, 7:55 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Ẹ fi awò wo òjìji yẹn. Tó bá pẹlẹbẹ, tó rẹlẹ̀ sí nọ́ńbà bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, tó sì ṣe bíi pé wọ́n bù ú lára nọ́ńbà fúnra rẹ̀, òǹtẹ̀ ló mì nígbà tó ń gbéra. Ilé-ìtẹwó ló ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀, akówójọ kì í sanwó lé e. Èyí tí wọ́n ń wá ni èyí tí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìdọ́gba. Nọ́ńbà méjèèjì á ga bákan náà, orí wọn á rí róbótó, igun lẹ́tà á là sí méjì bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Gbogbo owó tí òǹtẹ̀ yẹn bá tẹ̀ ló máa ní in, lójú kan náà gan-an.

Ìyá_Ìbejì · Àìkú, 8:20 àárọ̀

Àtẹ̀gùn ni, bàbá. Ó pẹlẹbẹ. Ẹ ṣeun, màá jẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa fi kọ́ bí a ṣe ń wò ó.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Àìkú, 3:35 ọ̀sán

Mo lọ bá oníwúrà kan nítòsí ọjà, ó gbà kí n lo síkéèlì rẹ̀. Mẹ́rin tó pé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyàtọ̀ wọn kò ju gíráàmù 0.1 lọ. Èyí tó ṣí létí fi gíráàmù 0.6 fúyẹ́ sí wọn. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni A tó parí NIGERIA. Kò gé gbáú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tín-ín-rín lọ sí ibi tó ṣí, bí epo tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́.

Bàbá_Olówó_Idẹ · Àìkú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Àbímọ́ ni. Nígbà tí òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, irin ibẹ̀ rí àyè, ó ṣàn lọ sí ibi tó ṣófo. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìtẹ̀ ni wọ́n gé e, ẹsẹ̀ A yẹn á gé gbáú bí ọ̀dùnkún tí ọ̀bẹ kàn. Etí òdìkejì, lẹ́tà, ìwọ̀n: ẹ̀rí mẹ́ta ti fẹnu kò. Inú mi dùn sí ọ.

Kì í ṣe owó tí yóò kọ́lé o, irú àṣìṣe yìí kì í ṣe èyí tó ṣọ̀wọ́n jù. Ṣùgbọ́n nínú 63, òun ni mo máa mú lọ́wọ́. Fi ìwé funfun wé e, kọ ibi tí o ti rí i àti ọjọ́ tí o rí i sára ìwé náà. Má fi sínú ọ̀rá rírọ̀ olóòórùn. Ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ń mú kí bàbà yọ omi aláwọ̀ ewé. Wo ilẹ̀ tó gbẹ fi í sí, omi ọ̀sà wa kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni níbí.

O kò sì tíì sọ ti olórùka kejì fún wa.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òrùka náà yí ihò ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó wọlé díẹ̀, ó ń dán. Ní ẹ̀yìn, ohun dúdú bí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn.

Alágbẹ̀dẹ_Wúrà · Àìkú, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Wọ́ṣà ni wọ́n fi í ṣe. Nígbà tí wọn kò ná kọ́bọ̀ onihò mọ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi í sábẹ́ orí ìṣó àti bóòtù. Orí ìṣó ló tẹ òrùka yẹn sí i. Ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀, ara igi ló ti mú un wá.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Ajé, 6:58 àárọ̀

Ọ̀gá, mi ò lè sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Apẹja ni bàbá àgbà. Ọkọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, adìẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi kun gbogbo ìdí rẹ̀. Mo jí lónìí, mo mú kọ́bọ̀ náà dání, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kọ́bọ̀ onihò mẹ́fà ṣì wà lábẹ́ orí ìṣó wọn. Ìṣó keje ti yọ, ihò rẹ̀ ló kù, ojú igi ibẹ̀ sì mọ́ róbótó, ọ̀dà kò sí níbẹ̀. Mo gbé ti inú agolo lé e.

Ó bá a mu wẹ́kú.